Ọfà Iná Tí Ó Gbọ́ Oríkì Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ sún mọ́ ara yín kí òòrùn má baà gba àárín yín kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ wá síbí, ìbòji igi ayunrẹ́ yìí tó gbogbo wa. Èmi Ọdẹ́ṣọlá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n máa ń yà fún lọ́nà, èmi tí mo bá iwin lódò tí ó ń wẹ̀ tí mo sì bá a ha ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ẹni tó bá ń yin ara rẹ̀ lójoojúmọ́, itọ́ rẹ̀ yóò gbẹ. Ti Ògúnlànà ni, ọdẹ tó tún jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ọkùnrin kúkúrú tí apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Kí Ẹlẹ́dàá tó fi ọgbọ́n sí i lórí fi díẹ̀ sí mi láhọ́n, kí n má ṣi òtítọ́ sọ, kí n má sì gbàgbé ìwọ̀nba irọ́ tó yẹ kí n fi kún un.

Ìlú Òkè-Irin ni ìlú Ògúnlànà. Odò kan ṣoṣo ni wọ́n ní níbẹ̀, láti orí òkè keje ló sì ti ń ṣàn wá. Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ebọra kan tí ń jẹ́ Adénà-Omi gun òkè keje lọ, ó jókòó lé orísun odò bí ìgbà tí ènìyàn fi ọmọrí dé ìkòkò. Òkúta ni ara rẹ̀, òkúta ni ìpéǹpéjú rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́jú, ilẹ̀ a mì. Obìnrin méjìlá lọ wo ohun tó ṣe omi. Ó kó wọn, ó sé wọn mọ́ inú ọgbà òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ibẹ̀ kò tó ogójì ìṣísẹ̀ sí ibi tí orí rẹ̀ wà. Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, Adénà-Omi a máa pe orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ohùn náà a máa lu òkè mẹ́fà kí ó tó dé ìlú, ẹni tí ó bá sì pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta a di òkúta lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dájú náà tilẹ̀ ka bí ó ṣe tò wọ́n sétí gbogbo ìlú. Ẹni kẹjọ ni Ìbídùnnì, aya Ògúnlànà.

Ìbọn àwọn ọdẹ kò kọjá òkè kìíní. Àwọn tó sì gba ilẹ̀ lọ, àpáta tí Adénà-Omi ń jù ló pa wọ́n lọ́nà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ògúnlànà rí obìnrin kan tó ń sọ òkò sí èso orí igi. Obìnrin náà kò wo èso. Òfurufú tó wà lókè èso ló ń wò, kí òkò lè gòkè kí ó sì ti ibẹ̀ wá balẹ̀ sórí ohun tó ń wá. Ògúnlànà ju ẹ̀mú sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti rí i! N ó rọ ọfà kan tí iná yóò tì gòkè, tí yóò sì fi ìwúwo ara rẹ̀ bọ́ sí Adénà-Omi lórí."

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ni ìyá aya rẹ̀, Àdùbí ọlọ́ṣẹ. Obìnrin yìí ló ń po ọṣẹ dúdú fún gbogbo ìlú, òun náà ló sì mọ ìjálá sun ju gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ lọ.

Àdùbí ní, "Ìwọ tí o rọ ọ̀bẹ tí kò lè gé ilá lọ́dún tó kọjá, ìwọ ni o fẹ́ ta ọfà lu ọ̀run?"

"Ẹ má bínú, Ìyá mi. Ilá yín ló gbó."

"Ilá mi gbó, orí tìrẹ náà sì le. Ọmọ mi ló wà lọ́hùn-ún. Bí ọfà rẹ bá fi ogójì ìṣísẹ̀ ṣìnà ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni Ògúnlànà náà ti ń bi ara rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, ó dìde, ó lọ fẹ́ ewìrì.

Ó rọ ọfà kìíní. Irin tó ní ihò nínú bí ọ̀pá ìbọn, ó ga tó ọkùnrin mẹ́ta, ó ní ìyẹ́ irin mẹ́rin nídìí. Ó da ẹ̀tù kún inú rẹ̀, ó tọ iná sí i. Ẹ̀yin ará, ọfà náà kò lọ síbì kankan. Ibi tó wà ló ti bú gbàmù! Irùngbọ̀n Ògúnlànà lọ, òrùlé agbẹ̀dẹ lọ, ewúrẹ́ tó ń kọjá lọ kò sì tún sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Àdùbí dé, ó fi igi tú àfọ́kù irin náà wò. "O kàn da ẹ̀tù síbẹ̀ bí ẹni da èlùbọ́ sápò. Gbogbo rẹ̀ gbọ́ ìpè iná lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ sì fẹ́ jẹ́ àkọ́bí. Ta ní í kánjú po ọṣẹ? Kó ẹ̀tù rẹ wá."

Ìyá àti àna jọ jókòó ti ọpọ́n. Wọ́n fi oje igi po ẹ̀tù títí ó fi dì, tí ó sì ń dán bí ọṣẹ tuntun. Wọ́n mọ ọ́n ṣìnkìn sínú irin, wọ́n sì dá ihò tóóró sí àárín rẹ̀ kí iná lè máa jẹ ẹ́ láti inú wá síta. Báyìí ni iná fi kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn.

Ọfà kejì gbéra. Ìlú hó! Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó ti ibi ẹmu bọ̀. Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó yí padà, ó sì já wọ inú abà iṣu Baálẹ̀. Gbogbo iṣu inú abà ló sun jinná.

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè é. "Ògúnlànà, mo gbọ́ pé Adénà-Omi lò ń bá jà. Ìgbà wo lèmi náà di Adénà-Omi?"

"Baálẹ̀, ẹ ṣàánú mi. Ọfà náà lágbára, kò kàn mọ̀nà ni."

"A ti ń fi iṣu sísun ṣe àárọ̀, ṣe ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ni kò sí omi tí a ó fi sìn ín lọ sí ikùn." Ìyà jẹ Baálẹ̀ tó láti rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ó dára. Àwọn baba wa ní ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Apenilẹ́yìn tí ará ibẹ̀ kì í ṣubú láé. Lọ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń jẹ. Kí Ọlọ́run ṣíwájú rẹ, kí ó sì kù sí ẹ̀yìn rẹ pẹ̀lú, nítorí ẹ̀yìn gan-an ni ewu igbó yẹn wà."

Òótọ́ ni Baálẹ̀ sọ. Nínú Igbó Apenilẹ́yìn, àwọn iwin a máa pe ènìyàn láti ẹ̀yìn. Ohùn ẹni tí ọkàn rẹ fẹ́ràn jù ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn, ojú rẹ̀ a gan síbẹ̀, yóò sì máa wo ẹ̀yìn títí ọjọ́ ikú. Ògúnlànà dé etí igbó, ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ẹ̀yìn sí igbó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀yìn rìn wọlé. (Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọgbọ́n yẹn o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì bí mi nígbà náà.)

Kò pẹ́ tí ohùn Ìbídùnnì fi dún: "Olówó orí mi, ẹ wẹ̀yìn kí ẹ rí mi!"

Omi bọ́ lójú Ògúnlànà. Síbẹ̀ ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ.

Iwin kan ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ dà ná?"

Òmíràn ní, "Ibi tó ń lọ ni iwájú rẹ̀, ọ̀hún ni ká lọ dúró sí."

"Irọ́ lò ń pa, ibi tí imú wà ni iwájú!"

"Baba tìẹ ló ń parọ́!"

Ìjà bẹ́ láàárín wọn. Wọ́n ń fa ara wọn létí, wọ́n ń pe ara wọn ní òpònú, títí Ògúnlànà fi fi ẹ̀yìn jáde ní òdìkejì.

Ibẹ̀ ló ti rí Ìlú Òkòtó. Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀! Bí òkòtó ṣe ń yí lórí ṣóńṣó ìdí rẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń yí. Ìyá ń yí, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí. Alágbàró ń yí, ebè tó kọ sì gún régé. Oníbodè yí wá pàdé Ògúnlànà, ó ní, "Ìwọ tí o dúró bí òpó, kí ló ń sáré láti àárọ̀ tí kò kúrò lójú kan?"

Ògúnlànà la ẹnu láti sọ pé òkòtó ni.

Oníbodè ní, "Òkòtó ni gbogbo àjèjì ń sọ. Àwọn nìyẹn." Ó nawọ́ sí òkìtì egungun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi.

Ògúnlànà kò wá ọgbọ́n mọ́; ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sọ. "Ọkàn mi ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sé aya mi mọ́ ló ti ń sáré, àyà mi kan náà ló sì wà."

Oníbodè fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ó ní, "Wọlé, ẹni ẹlẹ́ni."

Obìnrin ni ọba wọn, Adúró-Lórí-Ìka lorúkọ rẹ̀, ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì fi ń tẹlẹ̀. Ó gbé òkòtó irin kan tó ń yí fòò lé Ògúnlànà lọ́wọ́. "Tẹ̀ ẹ́ kí ó ṣubú."

Ògúnlànà tẹ̀ ẹ́ lọ sọ́tùn-ún, òkòtó kọ̀. Ó fi gbogbo agbára alágbẹ̀dẹ kún un, òkòtó yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹja, ó sì gbé ọkùnrin náà ṣánlẹ̀. Gbogbo ààfin rẹ́rìn-ín. Ọjà mẹ́rin ló lò níbẹ̀ tó ń kọ́ bí a ṣe ń rọ ọ́, tí àwọn ọmọ ọwọ́ ìlú náà sì ń pè é ní Bàbá Òpó. Ní ọjọ́ tí ó ń lọ, ọba ní, "Ohun tó bá ń yí kì í gbàgbé ibi tó kọjú sí. Gbé e sí àyà ọfà rẹ, so ó mọ́ ìyẹ́ rẹ̀. Bí ọfà bá fẹ́ yà, òkòtó yóò fa ìyẹ́, ìyẹ́ yóò sì mú un padà. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: ohun tó bá mọ̀nà ti ní orí, ohun tó bá sì ní orí ní etí."

Ògúnlànà dúpẹ́, ó fi ẹ̀yìn rìn padà sílé. Ní ẹnu ibodè Òkè-Irin, Àdùbí àti àwọn ọdẹ fi ìjálá pàdé rẹ̀. Wọ́n kì í, kíkì náà wọ̀ ọ́ lára, ó ń yan kiri ìlú bí àkùkọ, oúnjẹ rẹ̀ tutù sínú àwo. Ṣùgbọ́n obìnrin mẹ́fà ti di òkúta báyìí. Ọjà méjì ló kù fún Ìbídùnnì.

Wọ́n rọ ọfà kẹta, òkòtó sì wà láyà rẹ̀. Wọ́n gbé e lé àkéte irin tó ní ẹsẹ̀ rìbìtì mẹ́rin, kí wọ́n lè ta á níbí kí wọ́n sì fa àkéte náà sá kí èéfín tó fi ibi tí wọ́n wà han ọ̀tá. Ní Òkè-Irin, irin kì í kúrò lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ láìjẹ́ pé a kì í. Òkú irin ni wọ́n ń pe èyí tí a kò bá kì. Nítorí náà, bí iná ṣe ran ìdí ọfà, Àdùbí gbé ohùn sókè:

"Ọfà iná, ọmọ ewìrì tí ń mí hẹ̀ẹ̀,
Agòkè-má-fọwọ́-dìgi,
Ajẹ̀tù-má-bú,
Ó fi iná ṣe ìrù, ó fi ń gbá ojú ọ̀run.
Àṣá rí ọ, àṣá yà;
Àwòdì rí ọ, ó ní òun ń lọ kí ìyá òun nílé."

Kí ni kí n fi wé e? Ó gòkè tààrà! Ó gun òfurufú bí àdúrà olódodo. Òkòtó ń kọrin nínú àyà rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀, ń nà, bí ọwọ́ ẹni tó mọ̀kọ̀ọ́ wà. Ògúnlànà wò ó, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, Ọlọ́run, ṣé ọwọ́ mi yìí ló ṣe é?

Ó dé góńgó, ó yẹ kí ó dorí kodò. Kò dorí kodò. Ó dúró síbẹ̀, ó ń yí orí díẹ̀díẹ̀.

Ọdẹ kan ní, "Kí ló ń ṣe?"

Èkejì ní, "Bóyá àárẹ̀ ni."

Àdùbí rò pé àìkì tó ni, ó fi kíkì kún kíkì. Ọfà túbọ̀ gbéra sókè. Ó pẹ́, ikọ́ gbé ìyá lọ́fun. Bí ó ṣe húkọ́ báyìí, ọfà já lulẹ̀ gbì sórí òkè kẹta, ibi tí kò sí nǹkan kan àyàfi ìrókò kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Adénà-Omi rí èéfín. Àpáta kan fò wá, ó sì gbẹ́ kànga síbi tí wọ́n ti ta ọfà. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa àkéte kúrò níbẹ̀ ni.

Àwọn ọdẹ fọwọ́ lérí. Irin ọfà kan péré ló kù ní gbogbo ìlú. Ògúnlànà jókòó lórí òkúta, ó ń rò, kí ó tó yíjú sí ìyá aya rẹ̀.

"Ìyá mi, lọ́jọ́ tí mo ti ìrìn-àjò dé, ìgbà wo ni mo jókòó jẹun?"

"Ìgbà tí mo dákẹ́ ni. Ṣé o fẹ́ jókòó bí mo ṣe ń kì ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni òun. Àwọn ọfà àtẹ̀yìnwá kò ní orí, òkú etí ni a ń kì. Èyí gbọ́. Ta ni wọ́n ń kì tí yóò fẹ́ wálẹ̀?"

Àdùbí ṣe háà. "Nítorí náà, ká má kì í mọ́?"

"Irin tí a kò kì kò ní gbéra. Ẹ ó kì í gòkè. Bí ó bá wà lókè òkè kẹrin, n ó na ọwọ́, kí kíkì dẹ́kun. Kí ẹnikẹ́ni má húkọ́. Ẹ má pe Ọlọ́run sókè, inú ni kí ẹ ti pè é. Ẹ̀yin pàápàá, Ìyá mi: ohùn yín ló mọ̀. Oríkì yòówù kó ti ẹnu yín jáde, tirẹ̀ ni yóò rò pé ó jẹ́."

Ẹni keje di òkúta, ọjọ́ ọjà kejì pé. Ọ̀sán gangan ni, òòrùn ń ta. Ògúnlànà wọn bí orí àkéte ṣe ga sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ogójì ìṣísẹ̀! Bí ó bá gùn jù díẹ̀, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa aya rẹ̀. Bí ó bá kúrú jù díẹ̀, kò sí irin mọ́, òkúta ni yóò fi ṣe aya títí láé. Ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó gbàdúrà kúkúrú. Ó dìde, ó tọ iná.

Àdùbí kì í, ọfà gòkè. Ó ré òkè kìíní kọjá, ó ré ìkejì, ó ré ìkẹta. Ògúnlànà na ọwọ́. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ohùn Adénà-Omi ti yí lu òkè mẹ́fà dé, ìpè kìíní: "Ìbídùnnì! Ìwọ ló kàn!"

Ẹ̀yin ìyá tó wà níhìn-ín, ẹ mọ ohun tí ìyá ń ṣe bí wọ́n bá pe ọmọ rẹ̀ sí ikú. Oríkì ọmọ náà ni yóò ké, kí orí rẹ̀ lè gbọ́. Oríkì náà ti dé Àdùbí lọ́fun. Ó já gèlè rẹ̀, ó kì í bọ ẹnu títí dé eyín ẹ̀yìn, ó sì dojú bolẹ̀. Ògúnlànà rí i, kò lè lọ dì í mú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínà.

Lókè lọ́hùn-ún, ọfà yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ń retí kí wọ́n kì òun. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wá rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó sì dorí kodò kí ìpè kejì tó dún.

Ẹ̀yin ará, ohun tó wálẹ̀ lọ́jọ́ náà, ojú mi kò rí irú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ kò sì sí ohun tí ojú mi kò tíì rí! Kò yà, kò ṣẹ́jú. Atàrí Adénà-Omi ló bá, ó wọ ibẹ̀ lọ, ó sì là á sí méjì bí ìgbà tí a la obì. Òkè keje mì, òkè kẹfà dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, omi tú jáde, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n tú ìdè rẹ̀.

Ìlú bú sí ayọ̀. Wọ́n fẹ́ gbé Ògúnlànà sọ́rùn, ó já mọ́ wọn lọ́wọ́. Òun àti Àdùbí ń sáré gun etí odò lọ, omi ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lórí òkè keje, wọ́n rí àwọn obìnrin méje tó ti di òkúta. Omi ń fọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Àdùbí wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbàdúrà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, àwọn alààyè jáde wá, eruku bò wọ́n: ẹnì kan, ẹnì kejì, ẹnì kẹta, ẹnì kẹrin.

Ẹnì karùn-ún yọ. Ìbídùnnì ni.

Ògúnlànà ké pè é. Kò dáhùn. Ó tún un pè; obìnrin náà wo ẹnu rẹ̀, ó mi orí, ó fi ìka kan etí ara rẹ̀. Ariwo ọfà ti dí i ní etí méjèèjì. Ògúnlànà wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tí gbogbo ìlú ń yìn, kò mọ ibi tí yóò fi í sí.

Àdùbí kò dúró rò ó. Oríkì tó ti gbé mì lọ́sàn-án yẹn kò ṣeé gbé mì lẹ́ẹ̀mejì. Ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀:

"Àbẹ̀jẹ́, ọmọ ọlọ́ṣẹ,
Ọmọ a-fi-eérú-fọ-aṣọ-kó-funfun,
Ọmọ a-po-má-kánjú…"

Ìbídùnnì rí i pé ẹnu ìyá òun ń mì. Ó sún mọ́ ọn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lọ́fun, ó sì di ojú. Oríkì náà ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá dé ibi tí ọmọ ọlọ́ṣẹ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ nínú oríkì náà, Ìbídùnnì kúnlẹ̀, kò yá jù, kò sì pẹ́ jù, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lọ́fun ìyá rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí, nínú omi tó dé kókósẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ṣàìní ẹni tí yóò kì wá.